Èènì Tí Alhaji Yàn

Àbúrò bàbá mi ni Wahab, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Alákahíà. Alhaji ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó jìnnà jù tó tíì dé láyé ni Màídúgùri, tánkà epo ló sì gbé e débẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi wa tánkà. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yunifásítì níbí ní Port Harcourt, ó ń ta fíríìjì tòkúnbọ̀ níwájú, èmi Àdíját, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sì ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà nínú lọ́hùn-ún. Tí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń ka ìwé ìtàn tí àwọn àgùnbánirọ̀ yá mi. Tí kò bá sí ìwé, mo máa ń wo òkè. Hẹlikópítà ń kọjá lórí wa láràárọ̀, wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sójú òkun. N kò rí ọ̀kan rí kí ọkàn mi má bá a lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti gba ìwé wọn lọ́wọ́ mi pẹ̀lú gbólóhùn tí kò parí, torí hẹlikópítà kọjá.

Lọ́dún 1998, ilé-iṣẹ́ hẹlikópítà kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn fẹ́ mú ọ̀dọ́ mẹ́jọ, kí àwọn kọ́ wọn ní wíwà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣe ìdánwò orí ìwé, mo yege. Lẹ́tà kejì wá dé. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n wá jókòó síwájú ẹ̀rọ kan tó lójú bíi tẹlifíṣọ̀n, kí n wa hẹlikópítà inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méje. Ẹni tí tirẹ̀ bá já bọ́, kó máa lọ sílé.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà wa tẹ́lẹ̀ ti fi ètò irú eré yẹn sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ènìyàn lè jókòó sórí àga ní Alákahíà kó máa wa bàálù lọ sí ìlú tí kò ní ìwé ìrìnnà rẹ̀. Hẹlikópítà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́tìnnì nìkan ni mo ní láti fi wà á, ìyà sì ni. Bọ́tìnnì kò mọ díẹ̀. O ní kí ó tẹ̀ sápá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó, ńṣe ló máa sùn lulẹ̀ bí ọ̀mùtí. Láàárín ọjọ́ méjì mo ti pa ara mi nígbà mọ́kànlélógójì. Ohun tí mo nílò ni nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú, tó ń gbọ́ díẹ̀ àti púpọ̀. Láìsí i, mo kàn fẹ́ lọ jábọ́ níwájú àwọn àlejò ni.

Mo wá sọ fún Alhaji, torí òun ló ni kọ̀ǹpútà, òun ló sì ni owó.

Ó wò mí títí. "Hẹlikópítà. Èyí tó ń fò yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ, tí o ń pa ojú dé lórí ọ̀kadà?"

"Ẹ̀rù ọlọ́kadà ló ń bà mí, Alhaji. Ẹ̀rù òkè kò bà mí."

Ó fi ìka họ irùngbọ̀n. "Ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn dáadáa?"

"Wọ́n ń sanwó gan-an ni."

"Ọlọ́run ló ń gbé ènìyàn ga," ó wí, ó sì wọ bàtà.

Òyìnbó kan nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ epo ni wọ́n ń dá padà sílùú rẹ̀, ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ sórí koríko kó lè tà á. Alhaji ti ń ṣọ́ fíríìjì ọkùnrin yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi bá a lọ torí mo ti gbọ́ pé òyìnbó náà máa ń wa bàálù orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a débẹ̀, aránṣọ kan láti Oyigbo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí àwọn awabàálù fi ń yí imú bàálù. Ó rò pé ti ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ni. Ó gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Òyìnbó náà kàn wò ó lọ. Ó jọ pé àárẹ̀ ti mú un.

Alhaji ná fíríìjì náà títí òyìnbó fi jókòó. Nígbà tí wọ́n ti bọwọ́ lórí iye tí wọ́n fẹnu kò sí, tí ó sì ti sanwó, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú.

"Oya, jara," ó wí.

Òyìnbó rò pé ara fíríìjì ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń wo abẹ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé èènì ni, pé lọ́dọ̀ wa, ọjà tí kò bá ní èènì, bí ìgbà tí wọ́n lé oníbàárà jáde ni. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo tọ́ka sí orí tábìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun méjì ló kù níbẹ̀ nínú àwọn ohun ìwabàálù rẹ̀: ọ̀pá dúdú kan tó dúró lórí ìdí pẹrẹsẹ, àti sítíárìn kan tí wọ́n gé òkè rẹ̀ kúrò, tó ní irin tí wọ́n fi ń há a mọ́ etí tábìlì.

"Ọ̀kan," òyìnbó wí, ó na ìka kan sókè kó lè dá wa lójú.

"Èwo ni ti hẹlikópítà?" mo bi í.

Ó gbé ọ̀pá náà, ó jókòó sórí àga, ó gbé ìdí rẹ̀ sáàárín itan méjèèjì, ó di orí rẹ̀ mú, ó sì ń tì í síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, ó ń pariwo hẹlikópítà lẹ́nu.

Alhaji yí ojú sí ògiri. "Astagfirullah," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Alhaji, bí wọ́n ṣe ń wà á nìyẹn."

"Kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa wà á bẹ́ẹ̀. Kí n wá sọ fún bàbá rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ni mo dúró tí mo ń wò?"

"Ọ̀pá lásán ni."

"Mo mọ ohun tí mo rí. Àgbàlagbà ni mí."

"Ó ní èyí gan-an ni ti hẹlikópítà."

"Ṣé kì í ṣe òun náà ni wọ́n ń dá padà sílé yìí? Ká ní ó mọ̀ ọ́n wà, ṣé wọ́n á ní kó máa lọ?" Ó ti ń gbé àwọn méjèèjì wò, ọwọ́ kan fún ọ̀pá, ọwọ́ kan fún sítíárìn, bí ẹni ń ra iṣu. "Èyí ló wúwo. Èènì tó wúwo ni èènì. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi di sítíárìn mú, kò já mi kulẹ̀ rí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ dojú tánkà dé."

"Ṣé sítíárìn ló dojú dé? Tánkà ló dojú dé."

Bí a ṣe gbé sítíárìn lọ nìyẹn. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀pá, wọ́n ti ti géètì. Òyìnbó ti wọ bàálù lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ló sì gbé e.

Mo gba kádàrá. Mo há sítíárìn mọ́ etí tábìlì, mo ki okùn rẹ̀ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fà á, imú bàálù a gbéra. Bí mo bá tì í, a wálẹ̀. Mo rò pé bóyá n óò lè fi í kọ́ ohun díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, ẹnìkan kì í gun nǹkan tuntun láìfọ̀ ọ́. Ọ̀kadà ni, mọ́tò ni, wọ́n ní láti da ohun mímu sí i lára, kí àwọn tó bá ọ yọ̀ sì mu èyí tó kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò rí ohun tí ojú yóò rí lójú ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ wa pàápàá, a fọ̀ ọ́. Mo jáde lọ ra pépà. Kí n tó dé, Alhaji ti pe gbogbo àwọn tó wà ní àdúgbò ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbàdúrà, wọ́n ti ṣàmín, ó sì ti da ìgò mínírà ọsàn kan gbáko sí àárín sítíárìn náà, síbi tí hóònù máa ń wà lára sítíárìn tánkà.

"Mo tẹ̀ ẹ́, kò fọn," ó wí fún mi. "Ṣùgbọ́n a ti fọ̀ ọ́. Máa wakọ̀ rẹ, kò séwu."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, sítíárìn náà ti lẹ̀. Ó kọrùn sápá òsì, kò fẹ́ gbọ́. Mo ní kí a rọra tú u wò.

"Ṣe ni ó le, kò bàjẹ́," Alhaji wí. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo mọ́tò ayé àtijọ́ ṣe ń le. Yẹra."

Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó fi apá méjèèjì tó fi ń yí tánkà ẹlẹ́sẹ̀ méjìlélógún dì í mú, ó yí i. Ó dún bí eegun ẹran. Sítíárìn bọ́ sí i lọ́wọ́, irin kù sára tábìlì.

A jọ wò ó. Ó gbé e sórí àga bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.

"Ike ni wọ́n fi ṣe é," ó wí. Ó jáde lọ nu àwọn fíríìjì rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Mo jókòó, mo ń sunkún sórí iṣẹ́ ìwádìí ẹnìkan nípa ẹja. Ibi tí Ibiere ti bá mi nìyẹn. Ọmọ Kalabari ni, ó ń tọ́jú ilé tí wọ́n ń kó hẹlikópítà sí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó sì wá kí n bá òun tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó rí sítíárìn tó ṣẹ́, ó bi mí ohun tó jẹ́, mo sọ fún un. Ẹ̀rín pa á débi tó fi di ilẹ̀kùn mú.

"Who tell una say helicopter get steering? Na stick. E dey stand for middle of the man leg like pestle. I dey clean am every morning."

"Mo mọ̀," mo wí. "Àwa méjì la mọ̀. Alhaji ni kò mọ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gbé mi dìde. Mo gbé òkú sítíárìn náà, mo gbé e lọ bá Bọ̀ọ̀dá Àkíbù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa. Ó tú ikùn rẹ̀ wò, ó tọ́ ike inú rẹ̀ lá.

"Ọsàn," ó wí. "Ta ló fún un ní mínírà mu?"

"Ẹ má bi mí."

Ó fa nǹkan róbótó méjì jáde, tí okùn wà nídìí wọn. "Wò ó, Àdíját. Sítíárìn kọ́ ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àwọn méjì yìí ni. Fọ́lúùmù ni wọ́n, irú èyí tó ń gbé ohùn rédíò sókè sódò. Ọ̀kan ń sọ iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan ń sọ ọ̀tún àti òsì. Tí mo bá fi sípírítì fọ̀ wọ́n, tí a sì dè wọ́n mọ́ ìdí ohunkóhun tó ń mì, wọ́n á sọ ọ́."

"Mọ́ ìdí ọ̀pá ńkọ́?"

"Mọ́ ìdí ìrù màlúù pàápàá."

A wá ọ̀pá. A gbé ọwọ́ agbòòrùn wá, Alhaji yọjú, ó bi wá pé kí la fẹ́ fi í ṣe, ó sì gbé e lọ. A gbé igi ìgbálẹ̀ wá. Ó yọjú. "Ẹ̀yin méjèèjì," ó wí, "n kò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan kò ní dúró sáàárín ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí." Bọ̀ọ̀dá Àkíbù ní òun ní ìyàwó nílé, òun kò fẹ́ wàhálà, ó sì fi fọ́lúùmù méjèèjì lé mi lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ ro ẹ̀bà Alhaji lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó sórí àpótí. Mo da gààrí sínú omi gbígbóná. Mo fi àkísà lé ìkòkò létí, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́lẹ̀ kó má baà yí, mo di orógùn mú, mo ń rò ó. Alhaji kọjá lára mi, ó wò mí, ó ní kí n má jẹ́ kó le jù, ó kọjá lọ.

Ọwọ́ mi dúró. Mo wo orógùn. Mo wo ibi tí orógùn wà. Mo tún wo ẹ̀yìn Alhaji bó ṣe ń lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí ló ti ń rí ìyá rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ àti èmi nínú ìjókòó yìí, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ń bi wá ni ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ògbólógbòó ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti lu. Bọ̀ọ̀dá Àkíbù bá mi fi róbà kẹ̀kẹ́ fa orógùn sí àárín rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá tì í, á padà sí ojú rẹ̀. Ó fi sípóòkì kẹ̀kẹ́ so fọ́lúùmù méjèèjì mọ́ ìdí rẹ̀, ó fa okùn wọn gba ihò ìdí ìkòkò jáde sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Mo gbé àpótí síwájú tábìlì. Mo fi ẹsẹ̀ há ìkòkò, mo di orógùn mú. Hẹlikópítà gbéra.

Alhaji wọlé. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo orógùn, ó fa àga, ó jókòó.

"Ṣé ó ti fẹ́ jinná?" ó bi mí.

"Ó kù díẹ̀, Alhaji."

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rí i pé kò sí èéfín. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là tó tún padé. Ẹnìkan kò lè ka orógùn léèwọ̀ fún obìnrin, kó sì tún jẹun alẹ́.

"O ń fi agbára jù," ó wí níkẹyìn, ó dìde lọ.

Òótọ́ ló sì sọ. Bí ẹni ń ro ẹ̀bà ni mo ṣe ń wa hẹlikópítà, ó sì ń ju ara rẹ̀ kiri títí yóò fi bọ́ sínú òkun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kú bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo rántí bí ìyá mi ṣe ń ro ẹ̀kọ. Bí o bá fi agbára ro ẹ̀kọ, yóò ta sí ọ lára. Ọwọ́ ìyá mi kì í jà, ó kàn máa ń wà níbẹ̀, ó ń bá a lọ, bí ẹni ń fọwọ́ tọ́ ọmọ tó fẹ́ sùn. Mo dẹ ọwọ́. Hẹlikópítà dúró lókè lójú kan, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mo wá rí gbogbo òkun lábẹ́ mi, n kò sì já bọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. A tó ọgọ́ta, obìnrin mẹ́rin. Gíláàsì ló pààlà sáàárín wa àti yàrá ẹ̀rọ, tí a fi lè wo ara wa. Wọ́n gbé àga kan síwájú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pá rẹ̀ dúró lórí ìdí irin tó wúwo, ṣùgbọ́n wọn kò kàn án mọ́lẹ̀, orí táìlì tó ń dán ló sì wà. Bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń ti ọ̀pá ni ìdí rẹ̀ ń sáré. Ọ̀kan fi orókún lé e títí kan ògiri. Ọ̀kan fi itan há a pinpin, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tí kò rí ilé ìyàgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lókè kó tó já bọ́. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, ìwé ìrìbọmi tí ẹlòmíràn mú wá fi ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí ni mo dì mú dípò lẹ́tà mi. Àṣé mo ti gbé e nílẹ̀ láìmọ̀. Mo dá a padà fún olúwa rẹ̀.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo wọlé, mo ṣe síkẹ́ẹ̀tì mi dáadáa. Ọ̀gá awakọ̀ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ló jókòó pẹ̀lú ìwé. Mo ní kó jọ̀ọ́, àga náà ga jù fún mi. Ó wo ẹni kejì rẹ̀, wọ́n gbé páálí pépà kan wá, mo jókòó sórí rẹ̀. Mo bọ́ bàtà.

"Kí ló dé tí o bọ́ bàtà?" ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkòkò kì í dúró fún ẹni tó wọ bàtà," mo wí, kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì há ìdí irin náà, ó tutù, kò sì lọ síbì kan. Mo di ọ̀pá mú láti òkè. Mo rò ó bí ẹ̀kọ. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó fẹ́ tẹ̀ sósì, mo bá a lọ díẹ̀, mo mú un padà. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n fi pa mọ́ sínú ẹ̀rọ dìde ní ìṣẹ́jú kẹrin. Mo gbọ́ tí ọ̀gá náà fi gègé sílẹ̀. Nígbà tí aago dún, hẹlikópítà mi ṣì wà lókè. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e balẹ̀, torí wọn kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n lẹ orúkọ mẹ́jọ mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà wọn. Tèmi ni ìkẹfà. Alhaji bá mi lọ, ó kà á fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìka, ó sì bi olùṣọ́ bóyá Àdíját mìíràn wà nínú ìlú.

Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi ní Alákahíà. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra fíríìjì pé òun ló yan èènì tó gbé mi dókè, pé bí a bá gbọ́ ti òyìnbó ni, ọ̀pá lásán ni à bá gbé wálé. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òótọ́ wà níbẹ̀. Inú sítíárìn rẹ̀ ni fọ́lúùmù méjèèjì ti jáde.

Lánàá mo bá a tó ń to ìgò mínírà ọsàn sínú fíríìjì tí a ra lọ́wọ́ òyìnbó. Páálí méjì ni.

"Tí wọ́n bá ti fún ọ ní hẹlikópítà tìrẹ, kí o sọ fún mi ṣáájú," ó wí, kò gbójú sókè. "Kí a lè wá fọ̀ ọ́."

Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo mú ohun kan ṣoṣo tí a ní láti fi ṣí ìgò, mo sì fi í pamọ́ sínú àpò tí mo fẹ́ gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ hẹlikópítà.